Wáìnì Pupa Four Cousins: Ohun Tó Yẹ Ká Mọ̀ Ká Tó Gbé E Fún Àlejò

Níbi ìkómọ, ìgbéyàwó àti ìpàdé ọdún, wáìnì pupa kì í wọ́n lórí tábìlì wa, Four Cousins sì wà lára èyí tó wọ́pọ̀. Ohun tá a máa ń gbọ́ ni pé, “Èyí ò le, ó kàn dùn bíi sóbò ni.” Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

South Africa ni wáìnì yìí ti wá, láti oko Van Loveren tó jẹ́ ti ìdílé Retief ní àgbègbè Robertson. Ọdún 1937 ni Hennie Retief àgbà ra oko náà. Lọ́dún 2000, mẹ́rin nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, Hennie, Bussell, Phillip àti Neil, gbé Four Cousins jáde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò ni wọ́n, ìyẹn ni orúkọ náà ń sọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Omi inú ọ̀pọ̀ àjàrà dúdú kì í pọ́n. Èèpo tí wọ́n rẹ sínú rẹ̀ ló ń fún un láwọ̀. Ìwúkàrà á wá máa jẹ ṣúgà àjàrà, á sì sọ ọ́ di ọtí. Nínú wáìnì tí kò dùn, ṣúgà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nínú irú èyí tó dùn, ṣúgà ṣì pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọtí náà wà níbẹ̀. Ẹ wo ara ìgò, wọ́n kọ iye rẹ̀ síbẹ̀.

Oúnjẹ wo ló bá a lọ? Oúnjẹ aláta ni. Wáìnì tó le tó sì korò máa ń jẹ́ kí ata túbọ̀ ta èèyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n adùn máa ń pẹ̀tù sí i. Torí náà, ẹran tẹ́ ẹ rà lọ́jà màlúù Aduwawa, tẹ́ ẹ fi ṣe súyà, bá a mu dáadáa. Àsun àti ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù náà ńkọ́? Wọ́n bá a mu. Ẹja ni kò fi bẹ́ẹ̀ bá wáìnì pupa rẹ́, ó lè dà bí irin lẹ́nu. Kéèkì tó dùn ju wáìnì lọ á sì jẹ́ kó kan.

Ẹ gbé e sí fíríìjì fún bí ìṣẹ́jú 30 kẹ́ ẹ tó bù ú. Tẹ́ ẹ bá ti ṣí i, ẹ dé e, kẹ́ ẹ dá a padà síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì mu ún tán láàárín ọjọ́ 3 sí 5. Tẹ́ ẹ bá ń rà á, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ìdérí rẹ̀ bóyá wọ́n ti tú u rí.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìnáwó, ẹ má gbé e pọ̀ mọ́ mínírà o. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í fẹnu kan ọtí nítorí ẹ̀sìn. Ọmọdé àti aboyún ò gbọ́dọ̀ mu ún, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, ẹni tó sì máa wakọ̀ gba ọ̀nà Auchi lálẹ́, omi ni kẹ́ ẹ fún un. Ẹ sọ fún àlejò pé ọtí ni, kó tó gbé kọ́ọ̀pù sẹ́nu.