Òjò Kíkan Kò Mọ Ààlà Igbó Ọba

Àwọn àgbà a máa wí pé òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni tí ó bá rí ni í pa. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa fi sọ́kàn bí a ti ń sọ ìtàn igbó ńlá kan, tí òfin dáàbò bò kúrò lọ́wọ́ àáké, ṣùgbọ́n tí òjò fọ ọ̀rá ilẹ̀ rẹ̀ lọ.

Adirondack ni orúkọ igbó náà. Ó wà ní ìhà àríwá ìpínlẹ̀ New York, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ olókè ni ibẹ̀, òtútù rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òjò dídì fi í bo ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀ lọ́dọọdún. Ní ọdún 1885 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà kọ́kọ́ ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igbó ọba. Ní ọdún 1892, wọ́n pa ààlà yí gbogbo agbègbè náà ká. Nígbà tí ó di ọdún 1894, àwọn olùdìbò fi ọwọ́ sí i pé kí a kọ ọ́ sínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà pé ilẹ̀ ìjọba tí ó wà níbẹ̀ yóò máa jẹ́ igbó kìjikìji títí láé. A kò gbọdọ̀ tà á, a kò gbọdọ̀ fi í yá ẹnikẹ́ni, a kò sì gbọdọ̀ gé igi rẹ̀ tà. Lónìí, gbogbo agbègbè náà tó nǹkan bí éékà 6,000,000, adágún tí ó wà nínú rẹ̀ sì lé ní 3,000. Díẹ̀ ni igbó ní ayé tí òfin tọ́jú tó bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, láti nǹkan bí ọdún 1970 lọ, ọ̀rọ̀ adágún kan kò yé àwọn apẹja mọ́: omi rẹ̀ mọ́ gaara, ṣùgbọ́n kò sí ẹja nínú rẹ̀. Láàárín ọdún 1984 sí 1987, a yẹ adágún 1,469 wò ní àgbègbè náà, a sì rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin wọn ni kò ní ẹja rárá. Kì í ṣe òjò nìkan ni ó fa gbogbo rẹ̀, nítorí àwọn adágún kan wà tí ẹja kò fi ìgbà kan gbé inú wọn rí. Ṣùgbọ́n nínú púpọ̀ wọn, omi ti kan ju èyí tí ẹja lè gbà lọ. Àìsàn náà kò sì bẹ̀rẹ̀ nínú omi. Inú ilẹ̀ igbó ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Bí Òjò Ṣe Ń Kan

Èédú tí a ń wà nínú ilẹ̀ ní imí-ọjọ́ nínú. Bí a bá dáná sun ún, imí-ọjọ́ náà a bá èéfín gòkè. Àwọn ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ńláńlá tí ń sun èédú pọ̀ ní àfonífojì odò Ohio, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn sí Adirondack. Wọ́n ṣe ọ̀pá èéfín wọn ga sókè réré kí èéfín má baà yọ àwọn ará ìtòsí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ohun tí a gbé kúrò lọ́rùn aládùúgbò, ọrùn ẹlòmíràn ni ó lọ bọ́ sí. Afẹ́fẹ́ gbé èéfín náà lọ sí ìhà ìlà-oòrùn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún máìlì. Èéfín ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ náà kún un. Nínú ìkuukùu, gbogbo rẹ̀ di ásíìdì, ó sì bá òjò àti òjò dídì sọ̀kalẹ̀.

Òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí nǹkan ti kan tó ni a ń pè ní pH. Bí iye rẹ̀ bá ti ń lọ sílẹ̀ ni kíkan rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo sísàlẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Òjò tí èéfín kò bà jẹ́ máa ń wà ní nǹkan bí 5.6. Òjò Adirondack ní àwọn ọdún náà wà ní nǹkan bí 4.2, èyí ni pé ó kan ju òjò mímọ́ lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 20. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òjò náà kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ahọ́n kò lè mọ̀ ọ́n, kò sì jó awọ ara. Nítorí náà ni ó ṣe pẹ́ kí a tó fura.

Ohun Tí Ó Ṣe Ilẹ̀

Ilẹ̀ dàbí àká. Nínú rẹ̀ ni a ti ń rí kálísíọ́ọ̀mù, èròjà tí ó wà nínú egungun ènìyàn àti ìkarahun ìgbín, pẹ̀lú àwọn èròjà mìíràn tí ń bọ́ igi. Nígbà tí omi kíkan bá wọlé, àwọn èròjà wọ̀nyí ni í pa ẹ̀rọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń ṣe é ni wọ́n ń bá omi náà ṣàn lọ sí odò. Níbi tí òkúta ẹfun bá wà nísàlẹ̀, òkúta náà a máa dá ohun tí ó lọ padà. Adirondack kò ní irú òkúta bẹ́ẹ̀ tó. Erùpẹ̀ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, òkúta abẹ́ rẹ̀ le koko, ó sì ń pẹ́ púpọ̀ kí ó tó yọ̀ǹda èròjà díẹ̀. Ilẹ̀ náà wá dàbí ẹni tí ìnáwó rẹ̀ ju owó tí ń wọlé fún un lọ.

Nígbà tí kálísíọ́ọ̀mù tán, ewu kejì dé. Alumíníọ́ọ̀mù pọ̀ nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi nígbà tí ilẹ̀ kò bá kan. Bí ilẹ̀ bá kan, a yọ́ sínú omi. Ó ń ba gbòǹgbò igi jẹ́. Bí ó bá sì dé inú adágún, a lẹ̀ mọ́ ibi tí ẹja fi ń mí, ẹja a sì kú.

Báyìí ni igi spruce pupa pàdánù agbára láti fara da òtútù, tí ewé rẹ̀ sì ń pọ́n lẹ́yìn ìgbà òtútù. Igi maple tí àwọn ará ibẹ̀ ń lu láti gba omi dídùn rẹ̀, bí àwa ti ń dá ẹmu, kò rí ọmọ tí ó tó hù lábẹ́ rẹ̀ ní ibi tí kálísíọ́ọ̀mù ti tán. Àgbà igi dúró, kò sí àrólé. Ẹni tí ó bá ń kọjá lọ yóò ní igbó náà dára.

Ìwòsàn Ilẹ̀ Kò Yá

Ní Hubbard Brook, nínú igbó ìjọba mìíràn ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, Gene Likens àti F. Herbert Bormann pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1963 láti wọn ohun tí òjò ń gbé wọlé àti ohun tí odò ń gbé jáde. Ọ̀pọ̀ ọdún wíwọ̀n yìí ni ó fi àdánù kálísíọ́ọ̀mù hàn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1999, hẹlikọ́pítà fọ́n òkúta lílọ̀ tí ó ní kálísíọ́ọ̀mù sórí nǹkan bí hẹ́kítà 12 níbẹ̀. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ewé igi maple dára sí i, ọmọ rẹ̀ sì hù sí i. A wá mọ̀ dájú pé ohun tí igbó náà ṣaláìní nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fọ́n òkúta lílọ̀ sórí igbó tí ó tó mílíọ̀nù éékà?

Orísun èéfín ni ó yẹ kí a lọ. Ní ọdún 1990, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó dín èéfín imí-ọjọ́ kù ní àwọn ilé iṣẹ́ iná mànàmáná. Nígbà tí ó fi di ọdún 2020, èéfín náà ti fi ohun tí ó ju ìdá 90 nínú 100 dín sí ti ọdún 1990. Kíkan òjò rọlẹ̀, ẹja sì padà sí àwọn adágún kan. Ilẹ̀ nìkan ni kò tètè sàn. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ tí ó padà lọ yẹ ilẹ̀ wò ní ibi 27, ní àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà àti ìlà-oòrùn Kánádà, ròyìn pé erùpẹ̀ òkè ti bẹ̀rẹ̀ sí í sàn, ṣùgbọ́n pé ìwòsàn náà kò tíì hàn bẹ́ẹ̀ ní ìpele ìsàlẹ̀. Ohun tí òjò fi ọdún díẹ̀ kó lọ, òkúta yóò fi ọ̀pọ̀ ìran dá a padà.

Ẹ̀kọ́ fún Wa

Àwa náà ní igbó ọba, a sì ní àwọn olùṣọ́ tí ń lé agégi kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ ni. Kí a tó dá ilé iṣẹ́ eléèéfín sílẹ̀, ó yẹ kí a bèèrè ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, àti irú ilẹ̀ tí ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ilẹ̀ oko lè kan láìsí èéfín rárá. Ajílẹ̀ òyìnbó kan wà tí a ń pè ní ammonium sulphate. Bí a bá ń lò ó lórí ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún láìsí ìtọ́jú mìíràn, a máa sọ ilẹ̀ di kíkan. Eérú igi a máa pa ẹ̀rọ̀ sí kíkan ilẹ̀, ewé jíjẹrà a sì máa bá wa dá ọ̀rá padà. Ẹ má ṣe dúró títí irúgbìn yóò fi pọ́n kí ẹ tó bèèrè. Ẹ bu erùpẹ̀ oko yín, ẹ gbé e tọ ọ̀gá àgbẹ̀ tí ó wà ní agbègbè yín, kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí àká ilẹ̀ ṣì ní nǹkan nínú.