Abẹ́rẹ́ Steroid fún Ọwọ́ Kíkú: Ìtura Ni, Kì í Ṣe Òpin Àìsàn

Iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń jẹun ní Malali, àdúgbò kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Kaduna North, nílùú Kaduna, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba wà. Bí ó ti rí fún aránṣọ, onídìrí àti mẹkáníìkì níbẹ̀ náà ló rí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ìbàdàn, Ìlọrin àti Èkó: bí ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú, owó tó ń wọlé yóò dínkù.

Ọ̀kan lára ohun tó sábà máa ń fa ọwọ́ kíkú ni àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní carpal tunnel syndrome. Ihò tóóró kan wà ní ọrùn ọwọ́. Ibẹ̀ ni okùn ẹran mẹ́sàn-án tí a fi ń ká ìka gbà kọjá, pẹ̀lú iṣan ìmọ̀lára kan tó ń lọ sí àtàǹpàkò, ìlábẹ̀, ìka àárín àti apá kan ìka kẹrin. Bí inú ihò náà bá wú, iṣan ìmọ̀lára yìí yóò há.

Ọwọ́ ẹni tó ní àìsàn yìí a máa kú, a sì máa ta á bí abẹ́rẹ́, pàápàá ní òru, débi pé yóò jí láti máa gbọn ọwọ́. Àwọn kan ń pè é ní làkúrègbé. Àwọn mìíràn a ní ayé ló ń ṣe àwọn. Ó yàtọ̀ sí àrùn rọpárọsẹ̀. Bí apá kan ara bá rọ lójijì, tí ẹnu sì wọ́, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n sáré gbé onítọ̀hún lọ.

Àìsàn náà wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin ju ọkùnrin lọ. Oyún, àtọ̀gbẹ, ara sísan àti iṣẹ́ tí ń fi agbára gbá ọwọ́ mú léraléra wà lára ohun tó lè fà á.

Ìtọ́jú àkọ́kọ́ ni kí aláìsàn de ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sùn kí ó lè wà ní títọ́. Lẹ́yìn èyí ni abẹ́rẹ́ steroid, oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ iṣan ìmọ̀lára ni dókítà ń gún un sí, kì í ṣe inú rẹ̀.

Ní ọdún 2018, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ènìyàn 234. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo rí ìtura ju àwọn tó ń de ọwọ́ sùn lọ. Nígbà tí oṣù 6 pé, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀ mọ́. Ní Sweden, ìwádìí ọdún 2013 lórí ènìyàn 111 tí ìdè ọwọ́ kò ràn lọ́wọ́ fi hàn pé láàárín ọdún kan, ìdá 73 nínú 100 àwọn tó gba ìwọ̀n oògùn tó pọ̀ jù ló ṣì ṣe iṣẹ́ abẹ. Láàárín àwọn tó gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú, ìdá 92 ni.

Abẹ́rẹ́ náà lè mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ alátọ̀gbẹ ga fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè mú kí awọ ibi tí wọ́n gún funfun. Bí abẹ́rẹ́ bá wọ inú iṣan ìmọ̀lára, ó lè bà á jẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbà ní kẹ́míìsì. Bẹ́ẹ̀ ni kò dára kí ènìyàn máa dá dexamethasone oníhóró rà lò. Lílò rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ a máa gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, a sì máa sọ egungun di aláìlágbára.

Bí ọwọ́ bá kú tí kò jí mọ́ ní ọ̀sán, tí nǹkan ń já bọ́ lọ́wọ́, tí ẹran ìdí àtàǹpàkò sì ń rù, kí aláìsàn má ṣe fi abẹ́rẹ́ fa ọjọ́ gùn. Iṣẹ́ abẹ kékeré lè tú iṣan náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ jù, agbára ọwọ́ lè má padà tán. Àwọn ilé ìwòsàn egungun ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Dala ní Kano, Igbobi ní Èkó, àti Enugu. Kí ẹni tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́ sọ fún dókítà ṣáájú bí ó bá ní àtọ̀gbẹ tàbí oyún.