Gbúre, Ìbátan Òdòdó Olówó

Ní ìlú Osi àti Iloffa, bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, gbúre kì í dúró de ẹni tí yóò gbìn ín. Ó ti hù lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ti yọ lẹ́bàá balùwẹ̀, ó ti wọ àárín ebè. Ẹni tó ń já a fún ọbẹ̀ kì í wojú òdòdó rẹ̀. Ewé ló bá wá. Bẹ́ẹ̀, ìbátan òdòdó olówó kan ni gbúre tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí.

Carnation ni mò ń wí, òdòdó tí ọkọ ìyàwó máa ń há sí àyà kóòtù. Irú rẹ̀ 500, funfun báláú, ni Anna Jarvis fi ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì ìyá rẹ̀ ní Grafton, Amẹ́ríkà, fún ayẹyẹ Ọjọ́ Ìyá ọdún 1908. Ẹ̀yà tó wà nínú ìdílé rẹ̀, Caryophyllaceae, ju 2,000 lọ, ilẹ̀ olótùútù sì ni púpọ̀ wọn fẹ́ràn. Agboolé ńlá kan ni àwọn onímọ̀ ewéko kó ìdílé náà sí: Caryophyllales. Inú agboolé yẹn náà ni gbúre, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ yòkòtò àti amúnútútù ń gbé.

Báwo la ṣe ń dá ìbátan mọ̀? Ojú là ń wò. Ewé òdòdó márùn-ún tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ni gbúre ní; márùn-ún náà ni ti carnation inú igbó, àfi pé etí tirẹ̀ rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn. Ẹ la àpò èso wọn: òpó kan ló dúró láàárín, tí irúgbìn rọ̀ mọ́ yí ká. Ẹ la irúgbìn gbúre, dúdú kíkinní tó ń dán: ọmọ inú rẹ̀ ká yí oúnjẹ rẹ̀ po bí ejò. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú tẹ̀tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló rí lára ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ìdílé carnation.

Ṣùgbọ́n ìbátan kì í jọra tán. Méjì-méjì ni ewé carnation ń yọ, wọ́n á kọjú síra lórí oríkèé tó wú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ti gbúre ń yọ.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pupa wọn. Pupa gbúre, pupa tẹ̀tẹ̀ àti omi èso amúnútútù tó máa ń kun ọwọ́ ọmọdé, inú ìkòkò aró kan náà ni wọ́n ti jáde: betalain. Ìdílé carnation kò bá wọn dá sí i. Anthocyanin ni tiwọn, irú èyí tó wà nínú ìṣápá tí a fi ń ṣe sobo. A kò sì tíì rí ewéko kan tí ìṣẹ̀dá fún ní aró méjèèjì pọ̀.

Kí ẹ tó já gbúre lọ́la, ẹ jẹ́ kí oòrùn kọ́kọ́ mú, kí ẹ wò ó. Òdòdó rẹ̀ kì í là ju ọjọ́ kan lọ.