Sọ́mà Ti Bẹ̀rẹ̀: Ṣé Àwọn Òyìnbó Nìkan Ló Ni Oko?

Lónìí, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń gbé ìlú ńlá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo dìídì fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Manchester lèmi ń gbé. Bí oṣù kẹfà bá ti wọlé báyìí, àwòrán òkè àti adágún á kún orí fóònù wa. A ó wò ó, a ó ní, "Ó rẹwà o, àmọ́ àwọn òyìnbó ló ni ín," a ó sì yí i kọjá. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ tú palẹ̀, nítorí ó ń jẹ́ ká pàdánù ohun tí òfin fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Lake District ni màá fi ṣàpẹẹrẹ, lápá àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni òkè tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà, ìyẹn Scafell Pike, mítà 978. Ibẹ̀ náà ni Windermere, adágún tó gùn jù, wà. Ìjọba fi òfin dáàbò bo agbègbè náà lọ́dún 1951, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2017. Ẹ má rò pé igbó lásán ni o. Àwọn àgbẹ̀ ń gbé ibẹ̀, àgùntàn wọn ló sì ń jẹ koríko orí òkè wọ̀nyẹn. Àgùntàn Herdwick, dúdú kirikiri ni wọ́n ń bí ọmọ rẹ̀. Bó ṣe ń dàgbà ló ń di aláwọ̀ eérú.

Kí ló dé tí mo fi ní ìbẹ̀rẹ̀ sọ́mà? Ìmọ́lẹ̀ ni. Ayé yìí kò dúró ṣánṣán bó ṣe ń yí oòrùn po. Ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lóṣù kẹfà, apá àríwá ló kọjú sí oòrùn jù. Ní Èkó, ọjọ́ tó gùn jù lọ́dún kò fi wákàtí kan ju èyí tó kúrú jù lọ. Àmọ́ ní Lake District, ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, oòrùn á ti yọ kí aago márùn-ún ìdájí tó lù, kò sì ní wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ á fi kọjá. Wákàtí 17 nìyẹn! Ẹ lè gun òkè, kí ẹ jẹun, kí ẹ sinmi, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ọmọ iléèwé kò sì tíì gba ọlidé títí di ìparí oṣù keje, nítorí náà èrò kò tíì ya bo ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá pe sọ́mà ní ẹ̀ẹ̀rùn, a ò tíì sọ òótọ́ tán. Seathwaite, abúlé kan níbẹ̀, ni òjò ti ń rọ̀ jù nínú gbogbo ibi tí èèyàn ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń ju mìlímítà 3,000 lọ lọ́dún. Ẹ mú ẹ̀wù òjò dání, kódà bí oòrùn bá ń ràn yòò.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ oko olóko. Nílé, wọ́n kọ́ wa pé èèyàn kì í déédéé wọ oko olóko. Ìdí nìyẹn tí ara wa kì í fi í balẹ̀ tí a bá rí ògiri òkúta, géètì àti màlúù. Ṣùgbọ́n níbí, ọ̀nà tí wọ́n bá ti kọ "Public Footpath" sí, bó tilẹ̀ gba àárín oko ẹnì kan kọjá, gbogbo èèyàn ló lè fẹsẹ̀ rìn ín. Olóko kò lè dí i, kò sì lè gbowó lọ́wọ́ yín. Òfin ọdún 2000 tún ṣí ọ̀pọ̀ òkè àti pápá sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹ lè yà kúrò lójú ọ̀nà pàápàá. Òfin náà kò béèrè àwọ̀ yín, kò sì béèrè irú físà tí ẹ ní. Ìrìn ló fàyè gbà o, kì í ṣe iná dídá tàbí àgọ́ pípa. Bí ẹ bá sì ṣe bá géètì ni kí ẹ ṣe fi í sílẹ̀.

Ẹ̀tọ́ yìí kò ṣàdédé wá. Lọ́jọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1932, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀dọ́ gun òkè Kinder Scout, tí kò jìnnà sí Manchester. Àwọn ọlọ́lá ló tì í pa nígbà náà kí wọ́n lè máa pa ẹyẹ níbẹ̀. Ẹni tó ṣáájú wọn ni Benny Rothman, ọmọ 20 ọdún, tí àwọn òbí rẹ̀ ṣí wá láti Romania. Èèyàn márùn-ún ló ṣẹ̀wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ náà. Rothman fẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́rin jura. Ẹ ò rí i pé ọmọ àlejò wà lára àwọn tó jà fún un?

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin dé Windermere. Bó bá jẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù ni, Euston lẹ ó ti wọ̀ ọ́, ẹ ó sì pààrọ̀ ọkọ̀ ní Oxenholme. Nítòsí ibùdókọ̀ náà gan-an ni ọ̀nà òkè Orrest Head ti bẹ̀rẹ̀. Mítà 238 péré ló ga, àmọ́ tí ẹ bá dé orí rẹ̀, adágún náà á tẹ́ rẹrẹ lábẹ́ yín, àwọn òkè ńlá á tò sẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún 1930, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan láti Blackburn, Alfred Wainwright, ọmọ ọdún 23, ṣáwó jọ láti wá fi ọ̀sẹ̀ kan rìn kiri níbẹ̀. Orrest Head ló kọ́kọ́ gùn. Nígbà tó yá, ó kọ ìwé méje lórí òkè 214 tó wà ní agbègbè náà.

Ní ti fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sí láàárín òkè dáadáa. Ẹ ti da máàpù sórí fóònù yín kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì mú páwà báǹkì dání. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lórí òkè, ẹ pe 999, ẹ béèrè ọlọ́pàá, kí ẹ wá sọ pé Mountain Rescue lẹ fẹ́. Wọn kì í gbowó.

Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù gan-an ni omi. Afẹ́fẹ́ lè gbóná láàárín ọjọ́ kan, àmọ́ adágún jíjìn ń gba oṣù mélòó kan kó tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nítorí náà, níbẹ̀rẹ̀ sọ́mà, oòrùn lè máa jó yín lórí kí omi ṣì tutù nini. Ẹni tó bá bẹ́ sínú rẹ̀ lójijì á máa mí hẹlẹhẹlẹ láìfẹ́. Bó bá fa omi símú lásìkò yẹn, ó lè kú, bó tilẹ̀ mọ omi wẹ̀ bí ẹja. Bí ẹsẹ̀ bá yọ̀ yín sínú omi, ẹ má bá a jà. Ẹ fẹ̀yìn lé omi, ẹ jẹ́ kó gbé yín títí èémí yín á fi padà sípò, kí ẹ tó gbìyànjú láti jáde. Bó bá sì jẹ́ ẹlòmíì ló kó sínú omi, ẹ má bẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹ pe 999, kí ẹ ju ohun tó lè léfòó sí i.

Ó tán o. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó máa ń sọ pé òyìnbó ló ni ín, kí ẹ sì jọ mú ọjọ́ kan nínú oṣù yìí. Ó dìgbà kan ná.