Mànàmáná Kò Ṣeé Lé: Fọ́tò Yíyà Láti Orí Bákónì ní Agbamu

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá mi àgbà kọ́ sí Agbamu, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, kò ju alájà kan lọ, ṣùgbọ́n ibi tó ga ni wọ́n kọ́ ọ sí. Bí ènìyàn bá dúró ní bákónì rẹ̀, òrùlé páànù tó ti dípẹtà ni yóò kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ọ̀pẹ àti igi irúgbá, lẹ́yìn náà pápá tó tẹ́ lọ títí ojú ọ̀run fi pàdé ilẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ti ń ya mànàmáná ní fọ́tò. Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ ìgbà tó yẹ kí a gbé kámẹ́rà kí a sì wọlé. Ẹ̀kọ́ kejì yìí ni ó kù díẹ̀ kí n fi ẹ̀mí mi kọ́.

A kì í lé e, a ń dè é ni

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ ra kámẹ́rà, ńṣe ni mo ń bá mànàmáná sáré. Bí ó bá ti kọ, èmi náà á tẹ bọ́tìnì. Òkùnkùn biribiri ni mo ń bá nínú gbogbo fọ́tò náà. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Mànàmáná kì í sábà pé ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó tó kọ tán. Kí ojú tó rí i, kí ọpọlọ tó rán ìka níṣẹ́, kí ìka tó jíṣẹ́, ó ti lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ yà á, ilẹ̀kùn ni yóò ṣí sílẹ̀ dè é. Ẹ gbé kámẹ́rà lé ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kí ó má baà mì. Ẹ yọ ọ́ kúrò ní ètò àdáṣe, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín tò ó: ISO ní 100 tàbí 200, ihò lẹ́ńsì ní f/8, kí lẹ́ńsì sì máa wo ọ̀nà jíjìn réré. Ẹ pa iná bákónì. Kí ẹ wá jẹ́ kí ojú kámẹ́rà là sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20, kí ẹ tún un ṣe léraléra. Mànàmáná yòówù tó bá kọ ní iwájú rẹ̀ láàárín àkókò náà yóò ya ara rẹ̀. Nínú 50 fọ́tò, ẹyọ kan lè má dára. Sùúrù ni baba ìwà, òun náà sì ni baba iṣẹ́ yìí. Ẹni tí kò ní kámẹ́rà lè gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀ kí ó fi ká fídíò, kí ó wá ṣa ibi tí mànàmáná ti kọ jáde nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ àtijọ́ ni. Ní ọdún 1882, ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, William Jennings ya fọ́tò mànàmáná tó wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí ayé mọ̀. Ohun tó ń wá ìdí rẹ̀ ni bóyá lóòótọ́ ni mànàmáná rí wọ́gọwọ̀gọ bí eyín ayùn, bí àwọn ayàwòrán ṣe máa ń yà á. Fọ́tò fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń yẹ̀ka bí odò tí a wò láti òkè, tàbí bí gbòǹgbò igi tí a hú.

Láti ìlà-oòrùn

Ní apá ọ̀dọ̀ tiwa, ìjì òjò ńlá tó ń ṣílẹ̀kùn ìgbà òjò ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, àti èyí tó ń kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, ìlà-oòrùn ni wọ́n sábà ń ti wá, tí wọ́n á sì gba ìwọ̀-oòrùn lọ. Nítorí náà, bákónì tó kọjú sí ìlà-oòrùn ni yóò kọ́kọ́ rí wọn. Ìgbà tí òjò ṣì jìnnà gan-an ni fọ́tò ń dára jù: gbogbo ìkúukùu á wọ inú àwòrán, omi kò ní ta sí lẹ́ńsì, àrá kò sì tíì dún sí etí wa. Nígbà tí ó bá ti kọjá lọ pátápátá, a tún lè kọjú sí ìwọ̀-oòrùn kí a yà á láti ẹ̀yìn. Ewu wà láàárín méjèèjì.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Kẹrin, àárín yẹn gan-an ni mo dúró sí. Ìyá mi àgbà pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. “Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ó ku ẹyọ kan péré,” ni mò ń dá wọn lóhùn. Atẹ́gùn líle tí àwọn àgbà ń pè ní ti Ọya ti ń jan ilẹ̀kùn mọ́ra, ṣùgbọ́n ẹ̀kán òjò kan kò tíì bọ́, mo sì rò pé níwọ̀n ìgbà tí òjò kò tíì rọ̀, kò séwu. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò lára irin bákónì ni ìmọ́lẹ̀ àti ìró dé papọ̀. Ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé aládùúgbò wa là sí méjì. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, n kò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ.

Fọ́tò ọ̀hún ńkọ́? Funfun báláú ni. Ìmọ́lẹ̀ náà pọ̀ ju ohun tí kámẹ́rà lè gbà lọ.

Ìyá àgbà kò bínú. Wọ́n bu omi fún mi, wọ́n dúró kí n mu ún tán, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ẹni tó ń wo ọba kì í jókòó lé e lẹ́sẹ̀.”

Ẹ kà á kí ẹ tó yà á

Ìmọ́lẹ̀ mànàmáná ń dé ojú wa lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìró àrá ń lo bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kí ó tó rin kìlómítà kan. Nítorí náà, bí mànàmáná bá kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá. Bí àrá bá sán kí ẹ tó ka 30, kò jìnnà tó kìlómítà 10 sí yín mọ́. Ẹ wọlé. Kí ẹ má sì jáde títí 30 ìṣẹ́jú yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn. Mànàmáná lè balẹ̀ sí ibi tó jìnnà ju kìlómítà 10 lọ sí ibi tí òjò ti ń rọ̀. Bákónì onírin kì í sì í ṣe ibi ìsádi, bí ó tilẹ̀ ní òrùlé. Ibi gíga kì í fojú kéré ewu yìí: ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, àrá pa màlúù 36 lẹ́ẹ̀kan náà lórí òkè kan ní Ìjàrẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Mo tún padà gbé àwọn òfin ìyá àgbà yẹ̀ wò. Wọ́n ní kí a fi aṣọ bo dígí, kí a má wọ aṣọ pupa, kí a pa rédíò, kí a sì yọ wáyà kúrò lára iná. Dígí àti aṣọ pupa kò lè fa mànàmáná. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni ti wáyà: iná àrá lè gba ara wáyà wọ inú ilé. Bátìrì nìkan ni kí ẹ fi máa ya fọ́tò, ẹ má ṣe kì í bọ iná. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ ti fèrèsé, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ gbé lẹ́ńsì súnmọ́ gíláàsì. Iṣẹ́ kò dúró. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ kúrò lójú ewu.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì sì tún ní ẹ̀bùn tirẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku máa ń bo gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà, tí ọ̀nà jíjìn á rí bàìbàì. Òjò alẹ́ a fọ afẹ́fẹ́ náà mọ́, oòrùn kùtùkùtù a sì tàn sórí páànù títí yóò fi dà bíi bàbà. Bí ẹ bá ń bọ̀ wá wo àwọn ère òkúta tó ju 1000 lọ ní Èsìẹ́, níbi tí wọ́n ti dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 1945, ẹ fi ọjọ́ kan kún un de irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, àwa méjèèjì ni a ń jókòó sí bákónì. Èmi ń ṣọ́ kámẹ́rà, ìyá àgbà ń ka ení, èjì, ẹ̀ta lórí àpótí wọn. Bí àrá bá sán kí wọ́n tó ka ọgbọ̀n, wọn kì í pè mí mọ́. Àpótí wọn ni wọ́n ń gbé, èmi a sì gbé kámẹ́rà tẹ̀lé wọn.