Ta ni Ó Yẹ Kí Ó Jókòó ti Ẹni tí Ó Dákú? Ọ̀rọ̀ lórí Ìdánwò Àwọn Oníṣègùn Àgbà

Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ pé èmi kì í ṣe oníṣègùn. Olùkọ́ èdè ni mí. Ohun tí ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣubú lulẹ̀ lóru ọjọ́ kan, a sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan tí n kò ní í dárúkọ. Èmi ni mo jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ fi mọ́. Ohun tí mo rí lóru náà ni ó mú mi máa wádìí irú ìdánwò tí ènìyàn gbọ́dọ̀ yege kí a tó fi irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Dókítà ọ̀dọ́ tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Òṣùwọ̀n Glasgow ni ó lò, èyí tí Graham Teasdale àti Bryan Jennett gbé jáde ní 1974. Ohun mẹ́ta ni òṣùwọ̀n yìí ń wò: ojú ní máàkì 4, ọ̀rọ̀ ẹnu ní 5, ìgbésẹ̀ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ní 6. Ẹni tí ara rẹ̀ pé yóò gba 15. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan rárá yóò gba 3, nítorí kò sí òdo nínú rẹ̀. Bí iye náà bá já sí 8 tàbí kí ó dín, àwọn oníṣègùn a máa bẹ̀rù pé aláìsàn kò lè dáàbò bo ọ̀nà èémí ara rẹ̀ mọ́, pé itọ́ tàbí èébì lè gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà náà ni wọn yóò máa rò ó bóyá kí wọ́n ti rọ́bà bọ ọ̀nà ọ̀fun. Dókítà wa kọ 2 fún ojú, nítorí ìgbà tí a bá já wọn ní èékánná nìkan ni wọ́n ń lajú. Ó kọ 4 fún ọwọ́, nítorí wọ́n ń fà á sẹ́yìn. Fún ọ̀rọ̀ ẹnu, ó kọ 2, èyí tí í ṣe ti ẹni tí ó kàn ń kérora láìsí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8.

Nọ́ọ̀sì tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Ó ní, "Dókítà, ẹ má bínú, bàbá ń sọ̀rọ̀. Ulé ni wọ́n ń wí."

Ẹ̀yin tí ẹ wà níhìn-ín mọ̀ pé ohun tí Yorùbá inú ìwé ń pè ní ilé ni ulé lẹ́nu wa. Dókítà náà kò gbọ́ Yorùbá ìwé pàápàá dáadáa, ká má tilẹ̀ wá sọ ti Ìjẹ̀ṣà. Ó wo nọ́ọ̀sì, ó wo bàbá, ó pa 2 rẹ́, ó sì kọ 3. Àpapọ̀ di 9. Mo yìn ín nítorí pé kò bá a jiyàn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé máàkì kan ṣoṣo ni ó gba ẹ̀gbọ́n bàbá mi là. Oníṣègùn tí ó mọṣẹ́ kì í fi iye kan péré ṣe ìpinnu. Bí iye náà ṣe ń lọ sókè tàbí sílẹ̀ láti wákàtí dé wákàtí ni ó ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ká ní 8 ni wọ́n fi sílẹ̀, tí dókítà mìíràn tí ó gbọ́ Ìjẹ̀ṣà sì dé lówùúrọ̀ tí ó kọ 9, yóò rò pé ara ti ń yá, nígbà tí nǹkan kan kò yí padà. Bí ẹni tí ó gbọ́ èdè bá sì ni ó kọ́kọ́ kà á, tí ẹni tí kò gbọ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a lè sáré gbé aláìsàn kiri lásán.

Kí ló dé tí irú ìtọ́jú yìí fi le tó bẹ́ẹ̀? Agbárí kì í fẹ̀. Ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ àti omi ni ó kún inú rẹ̀; bí ọ̀kan bá pọ̀ sí i, àfi kí òmíràn dín, bí kò bá sì sí èyí tí ó lè dín mọ́, ọpọlọ a bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè ba ọpọlọ tí ó ṣèṣe jẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá fi oògùn já a wálẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní í dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Gìrì lè máa lọ nínú ọpọlọ láìjẹ́ pé ara gbọ̀n. Ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ní ìmọ̀ oníṣègùn ọpọlọ, kí ó gbọ́ èdè oníṣẹ́ abẹ, kí ó sì mọ ẹ̀rọ tí ń báni mí bí ẹni tí ń kun ènìyàn lóorun ṣe mọ̀ ọ́n. Òun náà ni yóò mọ ìgbà tí ọpọlọ ti kú bí ọkàn tilẹ̀ ń lù, tí yóò sì jókòó sọ ọ́ fún àwọn ẹbí.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti sọ ọ́ di ẹ̀ka tí ó dá dúró. Ẹgbẹ́ Neurocritical Care Society bẹ̀rẹ̀ ní 2002. United Council for Neurologic Subspecialties ṣe ìdánwò rẹ̀ ní 2007. Ní 2018 ni American Board of Medical Specialties fọwọ́ sí i, ìdánwò àkọ́kọ́ lábẹ́ àṣẹ yẹn sì wáyé ní 2021. Kò sí ẹni tí ó lè ti ilé ẹ̀kọ́ bọ́ sínú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti gba ìwé ẹ̀rí àgbà nínú ẹ̀ka mìíràn, bí ìmọ̀ ọpọlọ, iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ìtọ́jú pàjáwìrì tàbí ìmọ̀ ìkunni-lóorun. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ́ ẹ̀kọ́ ọdún méjì sí i, tàbí ọdún kan bí ó bá ti kọ́ ìtọ́jú àkànṣe tẹ́lẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀nà ẹ̀ka àgbà wọ̀nyẹn náà ni a ń gbà dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn yìí. Ìgbà kan wà tí dókítà wa gbọ́dọ̀ wọkọ̀ òkun kí ó tó lè di àgbà. Latunde Odeku ọmọ Awẹ́ kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Michigan kí ó tó padà sí Ìbàdàn ní 1962, òun sì ni oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn oníṣẹ́ abẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti kó ara wọn jọ ní 1960. West African College of Physicians dé ní 1976. Òfin 67 ti 1979 ni ó dá National Postgraduate Medical College sílẹ̀, tí ó wà ní Ìjànikin. Dókítà tí ó bá ti ṣe ọdún kan lẹ́yìn ìwé, tí ó sì ti ṣe àgùnbánirọ̀, yóò kọ ìdánwò àkọ́kọ́ lórí bí ara ṣe rí àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ ìkọ́ṣẹ́, Apá Kìíní, lẹ́yìn èyí Apá Kejì, pẹ̀lú àpilẹ̀kọ tí yóò dìde gbèjà níwájú àwọn olùdánwò. Kó tó parí, nǹkan bí ọdún márùn-ún sí mẹ́fà yóò ti lọ. Lónìí, ọ̀pọ̀ ń parí rẹ̀ tán ni wọ́n ń kọjá sí òkè òkun. N kò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí ó bá ti rí ìwé owó oṣù wọn kò ní í dá wọn lẹ́bi.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo ìdánwò wọ̀nyí. N kò bẹ̀bẹ̀ pé kí a yí i padà. Ohun tí mo ń wí ni pé, nígbà tí olùdánwò bá mú akẹ́kọ̀ọ́ dé ẹ̀gbẹ́ aláìsàn, kí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé: ta ni o bi léèrè kí o tó kọ máàkì ọ̀rọ̀ ẹnu? Ẹni tí kò bi ẹnikẹ́ni, kí ó pàdánù máàkì. Kì í ṣe ohun tuntun pé kí a tún òṣùwọ̀n ṣe fún àwọn tí a ń wọ̀n. Ní 1989, Malcolm Molyneux àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Malawi gbé òṣùwọ̀n Blantyre jáde fún ọmọdé tí ibà ti mú dákú, nítorí ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ kò ṣeé fi ọ̀rọ̀ wọ̀n. Igbe rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́. Àwa náà ní ẹ̀rí nílé. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní ìparí àwọn ọdún 1950, David Morley ti Ilé Ìwòsàn Wesley Guild fi káàdì ìdàgbàsókè ọmọ lé àwọn ìyá lọ́wọ́ láti máa tọ́jú nílé, dípò kí ó tì í mọ́ àpótí ilé ìwòsàn, torí ó mọ̀ pé ìyá ni ó ń rí ọmọ lójoojúmọ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi padà sí ulé wọn, bí ọwọ́ òsì kò tilẹ̀ gbéra mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà tí ó ṣeé ṣe kí aláìsàn sọ sínú ìwé: ti omi, ti ìrora, ti orúkọ ọmọ àti ìyàwó, ti ìtọ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta. Mo fẹ́ kí ó wà lára ògiri ní gbogbo yàrá tí a ti ń tọ́jú ẹni tí ó dákú ní ilẹ̀ yìí. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá rí ọ̀rọ̀ tí mo gbàgbé, kí ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ kí ó tó máa lọ.