Alùpùpù fún Títì àti Ọ̀nà Oko: Èwo Ni Ó Yẹ Ará Ọ̀fàdà?

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí òwe yìí ti bá ilé kíkọ́ mu, bẹ́ẹ̀ náà ni ó bá alùpùpù rírà mu. Ní Ọ̀fàdà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ilé-ẹ̀kọ́, ọjà àti oko kò sí ní ojú ọ̀nà kan náà. Ẹni tí ó bá lọ sí Mòwé yóò bọ́ sí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978. Ẹni tí ó bá yà sí abúlé, ọ̀nà ilẹ̀ pupa tí ó gba àárín oko ìrẹsì àti oko ẹ̀gẹ́ kọjá ni yóò tọ̀. Olùkọ́ tí wọ́n gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ abúlé, àgbẹ̀ tí ó fẹ́ gbé àpò ìrẹsì jáde, agbẹ̀bí tí wọ́n ránṣẹ́ pè lóru òjò, ọ̀nà méjèèjì ni gbogbo wọn ń gbà. Nítorí náà, alùpùpù rírà kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí fún wọn. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni pẹ̀lú.

Alùpùpù kan wà tí wọ́n ń pè ní Scrambler, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òun ni ó yẹ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Inú eré ìje àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ náà ti wá. Ní ọdún 1924 ni wọ́n du irú eré ìje yìí ní Camberley, lórí òkè àti nínú ẹrẹ̀. Alùpùpù títì ni wọ́n ń lò nígbà náà. Àwọn tí ń sáré ni ó ń tún un ṣe. Wọ́n gbé sáléńsà rẹ̀ sókè kí omi àti òkúta má bàa bà á jẹ́. Wọ́n fi táyà tí ó ní eyín ńláńlá sí i kí ó lè di ilẹ̀ mú. Nígbà tí ó yá, àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Japan náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ tà: Honda gbé CL72 jáde ní ọdún 1962, Yamaha sì gbé DT-1 jáde ní ọdún 1968.

Àwọn tí ó fara mọ́ irú alùpùpù yìí ní ẹjọ́ tí wọ́n lè rò. Àwọn tí wọ́n dìídì ṣe fún igbó nínú wọn ga kúrò nílẹ̀, kùkùté kì í sì í tètè kan ẹ́ńjìnnì wọn. Táyà iwájú wọn tóbi, ó sì ń gun kòtò kọjá. Ṣọ́ọ̀kì wọn gùn, ẹ̀yìn ẹni tí ó gùn wọ́n kì í sì í tètè dùn ún.

Ṣùgbọ́n àwọn tí kò fara mọ́ ọn náà kò jiyàn lásán. Táyà eléyín ńlá máa ń tètè jẹ lórí ọ̀dà. Bí òjò bá sì rọ̀, ó lè yọ̀, nítorí pé orí eyín nìkan ni ó ń kan ilẹ̀. Bí ìjókòó bá ga jù, ẹni kúkúrú kò ní lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ nígbà tí ó bá há sínú ẹrẹ̀. Àpò ìrẹsì tí a bá dì sórí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ yóò mú kí alùpùpù fì. Sáléńsà tí ó wà lókè sì lè jó èrò ẹ̀yìn lẹ́sẹ̀. Òmíràn tilẹ̀ wà tí ìrísí nìkan ni ó fi jọ ti igbó. Triumph Scrambler tí ó jáde ní ọdún 2006 wúwo ju 200 kílò lọ. Bí irú rẹ̀ bá wó lulẹ̀ nínú àbàtà, ta ni yóò dá a gbé?

Alùpùpù lásán tí àwọn ọlọ́kadà ń lò ní àǹfààní tirẹ̀. Nígbà tí Honda ṣe CG125 láàárín ọdún 1970 sí 1980, ọ̀pá irin ni wọ́n fi ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dípò ṣéènì, kí ó lè fara da ìyà àìtètè-pààrọ̀-ọ́ìlì. Bajaj Boxer tí ó ti ilẹ̀ Íńdíà wá náà tẹ̀ lé ọ̀nà ìrọ̀rùn yìí. Wọn kò wúwo púpọ̀, ìjókòó wọn kò ga, kò sì ṣòro láti rí ẹni tí yóò tún wọn ṣe. Àléébù wọn ni pé ikùn wọn súnmọ́ ilẹ̀, táyà wọn sì máa ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ rà bi ara rẹ̀. Nínú ìrìn mẹ́wàá, mélòó ni yóò jẹ́ lórí ọ̀dà? Ṣé òun nìkan ni yóò máa gùn ún, àbí èrò àti ẹrù yóò wà lẹ́yìn? Bí ó bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe, níbo sì ni yóò ti rí ẹ̀yà rẹ̀ rà? Ẹni tí ń dá rìn nínú oko lọ́pọ̀ ìgbà lè ra alùpùpù igbó tí kò wúwo. Ẹni tí ń gbé ẹrù, tí ó sì ń rin títì jù, alùpùpù lásán ni kí ó rà, kí ó sì kọ́kọ́ pààrọ̀ táyà rẹ̀ sí èyí tí eyín rẹ̀ mọ níwọ̀n. Lọ́pọ̀ ìgbà, táyà ni ìṣòro, kì í ṣe alùpùpù. Ó lè dín afẹ́fẹ́ táyà kù díẹ̀ bí ó bá fẹ́ wọ ilẹ̀ rírọ̀, ṣùgbọ́n kí ó tún un fẹ́ kí ó tó sáré lórí ọ̀dà. Bí ó bá délé, kí ó fọ ẹrẹ̀ kúrò lára ṣéènì, kí ó sì fi ọ́ìlì sí i.

Èyíkéyìí tí ó bá rà, akoto ṣe pàtàkì. Nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fi ọwọ́ líle mú òfin akoto ní oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn kan dé igbá dípò rẹ̀. Igbá lè tan ẹ̀ṣọ́ jẹ, kò lè tan òkúta jẹ. Alùpùpù tí ó yẹ ni èyí tí yóò gbé agbẹ̀bí dé abúlé lóru òjò, tí yóò sì tún gbé e padà sí títì ní òwúrọ̀ ní àlàáfíà.